Ta Ni Yóò Bá Ta Gbé Nínú Táńkì Wa?

Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì fẹ́ fi táńkì gíláàsì tó wà ní láàbù bàọ́lọ́jì sin ẹja, àríyànjiyàn kan ṣoṣo ló kù ní SS2: ẹja wo ni ká rà? Àwọn kan ní ẹja òkun ni àwọn fẹ́, ẹja pupa rúsúrúsú tó ní ìlà funfun lára, èyí tí gbogbo wa rí nínú fíìmù Finding Nemo. Àwọn kan ní ká kó oríṣiríṣi jọ kó lè dùn ún wò. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ká ju àrọ̀ kan sí àárín wọn, pé tó bá yá, a ó fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ ìparí táàmù. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n owó ti ń wọlé, ₦500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ àwọn tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi dá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ èyí sára ògiri kí wọ́n tó ná an.

Nílé tiwa, ẹja là ń sìn. Táńkì onísìmẹ́ǹtì méjì ni màmá mi ní, pẹ̀lú kòtò ẹja kan létí odò kékeré tó wà lẹ́yìn abúlé wa. Láti JSS1 ni mo ti ń bá wọn sọ́tì ọmọ àrọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe é rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì pa wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó lọ, díẹ̀ nínú wọn á ti tóbi ju àwọn yòókù lọ. Àwọn yẹn ni àwọn oníẹja ń pè ní jọ́ńpà. Jọ́ńpà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Èyí tó bá gba ẹnu rẹ̀, á gbé e mì. Èyí tí kò bá gba ẹnu rẹ̀, á já a ní ìrù. Bí a kò bá fi abọ́ ṣa àwọn ńlá kúrò láàárín àwọn kékeré, tí a ka ẹja lónìí, iye tí a ó bá lọ́la kò ní pé. Kò sí olè kankan tó wọlé o. Àwọn ẹ̀gbọ́n ló jẹ àwọn àbúrò.

Òfin kìíní tí mo kọ́ nìyẹn: ohun tó bá ti gba ẹnu ẹja, oúnjẹ ni. Kì í ṣe ìkà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ebi nìkan. Bí ọmọ ìyá bá lè gbé ọmọ ìyá mì, kí ni àlejò tí a fi ₦500 rà fẹ́ rí?

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ẹja méjì ò lè gbé pọ̀. Ní ọdún tó kọjá, oníbàárà kan láti Olódó sọ fún màmá mi pé epìyà ni òun ń fẹ́, kì í ṣe àrọ̀ nìkan. Kòtò ẹja ọ̀hún kò sì ju ẹyọ kan lọ. Màmá mi ò ka bàọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó wọ́n rò ó. Wọ́n ní, “Tí a bá da àwọn méjèèjì sómi lọ́jọ́ kan náà, a ti fi ọ̀kan ṣe ọbẹ̀ fún èkejì nìyẹn.” Epìyà ni wọ́n kọ́kọ́ dà síbẹ̀. Ìgbà tí epìyà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n tó kó ọmọ àrọ̀ kéékèèké sí i, àwọn náà ò sì pọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yà mí lẹ́nu. Epìyà máa ń bí ju bó ti yẹ lọ. Abo rẹ̀ á kó ẹyin sẹ́nu títí wọ́n á fi pa. Kó tó pẹ́, òmíràn ti dé. Tí kò bá sí ohun tó ń dín wọn kù, omi á kún fún ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń bá ìyá wọn du oúnjẹ, kò sì ní sí èyí tó máa dàgbà tó ọjà. Àrọ̀ ló wá ń jẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yẹn. Kò lè gbé ìyá wọn mì, torí ìyá fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Epìyà dàgbà, àrọ̀ sanra. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹni tó kó wọn pọ̀ ló wọn ẹnu ọ̀kan mọ́ ara èkejì kó tó dá wọn pọ̀. Owó WAEC mi fún ọdún tó ń bọ̀ wà nínú omi yẹn, nítorí náà mi ò lè pe ọ̀rọ̀ yìí ní eré.

Ọ̀rẹ́ mi kan já mi níbẹ̀. Ó ní, “Ṣebí àrọ̀ àti epìyà wà ní Aṣéjire, kò sí ẹni tó ń sọ́tì wọn. Ṣebí àwa náà wá láti Ẹrúnmu, Lálúpọn àti Olódó, a sì jọ wà ní kíláàsì kan.” Ìbéèrè tó dáa ni. Aṣéjire jẹ́ adágún ńlá tí wọ́n sé lórí odò Ọ̀ṣun. Ẹja tí wọ́n ń lé níbẹ̀ lè sá wọ inú koríko, ó lè sá lọ sí ibú, ó lè lọ pátápátá. Àwa náà, aago méjì á lù, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ta ló lè bá ẹni tó ń já a ní ìrù wà nínú yàrá kan tọ̀sán-tòru, tí kò sí ilẹ̀kùn?

Mo wọn táńkì láàbù yẹn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 30. Tí omi bá ga dé 30, lítà 54 ló máa gbà. Jẹ́ríkáàn oní-lítà 25 méjì àti díẹ̀ nìyẹn, ó tán. Ní Aṣéjire, ẹja ló ń yan ibi tó máa gbé àti ẹni tó máa jìnnà sí. Nínú jẹ́ríkáàn méjì omi, àwa la ó bá a yàn. Tí a bá yàn án búburú, kò ní ibi tó máa sá sí.

Ó wá ku ẹja òkun. Omi òkun ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ẹ fi 54 sọ ọ́ di púpọ̀: gíráàmù 1,890, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, torí kálísíọ̀mù, magnesium àti àwọn nǹkan mìíràn wà nínú ti òkun. Ẹ rántí iṣu tí a gbẹ́ inú rẹ̀ fún osmosis, tí a bu iyọ̀ sí, tí omi ara iṣu sì sun jáde. Bí omi ṣe máa sun kúrò lára ẹja odò tí a bá jù sínú omi òkun nìyẹn. Ẹja òkun tí a bá jù sínú omi kànga, omi ló máa ya wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, “ká kó oríṣiríṣi jọ” ti dópin kí a tó dé ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Omi kan náà ló gbọ́dọ̀ bá gbogbo wọn lára mu. Tí oòrùn bá sì fa omi, iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tó kù á máa le sí i lójoojúmọ́, àfi tí ẹnì kan bá ń bu omi lásán kún un. Ta ló máa wá bu ú nígbà họlidé?

Ẹni tó lágbára rẹ̀ á ṣì yan aládùúgbò. Ẹja Nemo yẹn, clownfish, máa ń gbé láàárín sea anemone, ẹranko kan tó dà bí òdòdó tó sì ń ta ẹja mìíràn bí iná. Ikun ara clownfish ni kì í jẹ́ kó ta á. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá pa, èyí tó tóbi jù lọ ló ń di abo. Nínú omi kékeré, méjì péré tó, ńlá kan àti kékeré kan, kí ìjà má bàa wà. Edé kan tún wà, pistol shrimp, tó ń gbẹ́ ihò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa. Ẹja kékeré kan, goby, á dúró lẹ́nu ihò náà bí ọlọ́dẹ. Edé á gbé ìwo rẹ̀ lé e lára. Tí goby bá ti gbọ̀n, àwọn méjèèjì á kó wọlé. Hermit crab, akàn tó ń gbé inú ìkarawun, nílò ìkarawun mìíràn nítòsí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè pa ìgbín omi kó lè gba ilé rẹ̀. Pufferfish ní tirẹ̀ á fi eyín fọ́ ìgbín jẹ. Lionfish lẹ́wà bí aṣọ àríyá, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò.

Lionfish yìí tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1985 wọ́n rí i nínú omi Florida ní Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé àwọn tó ń sìn ín sínú táńkì ló dà á sókun. Ó ti ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké ibẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, tí ẹja wa bá sú wa, ẹ má dà á sódò. Ẹ má sì lọ ṣa ìgbín láti odò wá sínú táńkì. Ìgbín odò kan wà, Bulinus, tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri. Àrùn náà bá àwọn ọmọ abúlé etí adágún Ọ̀yàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn fínra gan-an. Ọwọ́ wa ló máa wà nínú omi táńkì yẹn o.

Ohun tí mo fara mọ́ nìyí. Omi kànga ni ká lò, tàbí omi ẹ̀rọ tí a bu sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí chlorine lè fò lọ. Ká gbin ewéko omi sí i. Gọ́ọ̀pì ni ká rà, akọ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ ló ní àwọ̀, kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Tí a bá ra abo, á máa bímọ lóṣooṣù, ìyá fúnra rẹ̀ á sì máa jẹ ọmọ rẹ̀, àwa ò sì fẹ́ wo ìyẹn lójoojúmọ́. Ká má sì kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé lọ́jọ́ kan. Ìgbẹ́ ẹja ń di ammonia, Nitrosomonas àti Nitrobacter tí a kọ́ nínú nitrogen cycle ló ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu púpọ̀. Wọ́n á lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Méjì ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní mẹ́fà kéré sí owó tí a dá. Owó tó bá kù, ká fi ra oúnjẹ ẹja àti páńpù tó ń lo bátìrì, torí NEPA kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó lọ.

Ìpàdé wa di ọjọ́ Ẹtì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dárúkọ ẹja mìíràn, kó mú ìdáhùn mẹ́ta dání: omi wo ló ń gbé, báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe máa tóbi tó nígbà tó bá dàgbà, ta ni yóò sì máa bọ́ ọ nígbà họlidé? Mo ti kọ ti gọ́ọ̀pì sílẹ̀. Ti họlidé, èmi náà ni, torí abúlé wa ò jìnnà sí sùkúù.