Kó Ẹrù Jáde Kí O Tó Wó Ilé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mo jẹ́, tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ohun tí ojú mi rí ní ìsinmi tó kọjá ní ìlú wa, Ìlá Ọ̀ràngún, ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ó tó ọdún méjì tí mo fi ń kó ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà jọ lẹ́nu ìyá tó bí bàbá mi. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi ṣe ètò kékeré tí mo ń tọ́jú wọn sí, inú kọ̀ǹténà ni ètò náà sì ń gbé. Kì í ṣe kọ̀ǹténà onírin tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí Àpápá ni mo wí o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti yá orúkọ rẹ̀: ètò àti gbogbo ohun tó ń lò ni a dì sínú àpótí kan, kó lè ṣiṣẹ́ níbikíbi tí a bá gbé e dé. Docker, tó jáde lọ́dún 2013, ni ó sọ ọ́ di ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò káàkiri ayé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, bátìrì tán, kọ̀ǹpútà mi sì kú lójijì. Nígbà tí mo tún un tàn, kọ̀ǹténà náà kò jí mọ́. Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, “Pa á rẹ́, kí o ṣe òmíràn.” Mo ti tẹ “docker rm” tán díẹ̀ ló kù, kí n tó rántí pé inú àpótí náà gan-an ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wà, a kò kọ́ àká kankan fún wọn níta. Bí mo bá pa á rẹ́, wọ́n lọ nìyẹn. Ìyá àgbà sì ti papò dà láti oṣù mẹ́ta. Ta ni n ó tún bi léèrè?

Mo fara balẹ̀. “docker ps” kò fi nǹkan kan hàn mí, nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni ó ń kà. Mo fi “-a” kún un, ó sì ka alààyè àtòkú. Tèmi wà níbẹ̀: “Exited (1)”. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀. 0 ni pé ó parí iṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. 137 ni pé wọ́n fi ipá pa á, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé mẹ́mọ́rì kò tó. 1 ni pé òun fúnra rẹ̀ kọsẹ̀.

Kí ló kọsẹ̀ sí? Mo tẹ “docker logs --tail 20” pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó fèsì pé òun bá fáìlì kan, server.pid, tó ní ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹlòmíràn kankan: òun náà ló fi fáìlì ọ̀hún sílẹ̀ nígbà tí iná lọ. N kò lè fi “docker exec” wọlé lọ yọ ọ́, nítorí kọ̀ǹténà tó wà láàyè nìkan ni ìyẹn ń wọ̀. Ṣùgbọ́n “docker cp” kò kọ òkú. Ó bá mi da àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ síta lódidi. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe bí ọ̀rẹ́ mi ti wí. Mo pa ti àtijọ́ rẹ́, mo ṣe òmíràn, mo sì kọ́ àká fún un níta, èyí tí wọ́n ń pè ní volume.

Àwọn àgbà wa ní ogbó, àdá tí Odùduwà fún baba ńlá wa, ni ó mọ ọ̀nà, òun la fi ń jẹ́ Ìgbómìnà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àdá tó ń lànà náà lè bẹ́ igi eléso lulẹ̀ bí ẹni tó mú un kò bá wojú. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ mi kò burú, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sínú ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe é.