Ilé Ìyá Philip

Bí wọ́n bá ń ka ìran Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ilé bàbá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ọmọ ọba Gíríìsì, ni wọ́n ń wí. Lóòótọ́, erékùṣù Corfu ni wọ́n bí i sí ní 1921, bàbá bàbá rẹ̀ sì jọba ní Gíríìsì. Ṣùgbọ́n ọmọ Denmark ni bàbá àgbà yìí. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n fi í jọba ní Gíríìsì ní 1863, ọmọ Rọ́ṣíà ló sì fi ṣaya.

Ilé ìyá Philip ló wù mí jù. Julia Hauke, ìyá bàbá ìyá Philip, wà níbẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ ọba rárá. Ó ń sin ìyàwó àrẹ̀mọ ọba Rọ́ṣíà ní ààfin, ni ọmọ ọba Hesse ní Jámánì bá fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbé e níyàwó ní 1851. Wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ ilé bàbá wọn. Battenberg ni wọ́n fún wọn. Nígbà ogun, ní 1917, àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí i padà sí Mountbatten. Orúkọ tí wọ́n fi ya ọmọ Julia sọ́tọ̀ yìí ni Philip ń jẹ́ nígbà tó fẹ́ Elizabeth ní 1947. Inú mi máa ń dùn fún obìnrin náà.

Ọbabìnrin Victoria náà wà nílé ìyá Philip. Ó bí Alice. Alice bí Victoria kékeré àti Alexandra. Victoria kékeré ló bí ìyá Philip. Alexandra lọ fẹ́ ọba Rọ́ṣíà, wọ́n sì pa tọkọtaya náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ní 1918. Ní 1991 ni wọ́n hú egungun jáde nítòsí Yekaterinburg. Ta ni yóò jẹ́rìí pé àwọn ni? Ohun kan wà nínú ara tí ìyá nìkan ń fún ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Philip gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá egungun Alexandra àti ti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta mu rẹ́gí.

Ọmọbìnrin nìkan ló lè gbé ohun náà fún ọmọ tirẹ̀. Charles, ọmọ Philip, kò rí i gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Philip obìnrin bí ni ó wà lára wọn.