Ewé Tí Ẹ Ń Fi Pamọ́ Fún Pásítọ̀

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ewé ni, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa sá ewúro, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì tì í sábẹ́ ibùsùn. Kí ló dé tó fi jẹ́ abẹ́ ibùsùn? Kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wá kí i má baà rí i ni. Ewé yẹn kò tíì gbẹ dénú tó fi dì í, ó sì bu. Ó sè é, ó mu ún, ìgbẹ́ gbuuru mú un fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tá a lọ kí i, àwa àti Mọ́mì, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Daddy, ẹ má bínú, mo mu àgbo." Kò tiẹ̀ ráhùn inú rírun. Àgbo ló ń tọrọ ìdáríjì lé lórí! Ó dùn wá gan-an.

A mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá, torí ọ̀dọ̀ wa ní Iléṣà níbí ló ti gbilẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ní Òkè-Oòyè, Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí omi, àwọn aláìsàn mu ún, òkìkí sì kàn kárí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn èèyàn kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde, wọ́n dáná sun ún. Àwọn bàbá wa ìgbà náà kò mu àgbo, wọn kò sì gbé oògùn òyìnbó mì. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé àwọn míṣọ́nnárì tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuníìnì fún ibà, ọ̀rọ̀ di ìjà. Ó wà lára ohun tó pín wọn níyà láàárín 1939 sí 1941, tí Christ Apostolic Church fi dá dúró. Ẹ sì wò ó o, kí ni kuníìnì? Ara èèpo igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń fà á yọ, èèpo tí wọ́n bó, tí wọ́n sì sá gbẹ!

A ò ní bú àwọn tí àdúrà wọn la ọ̀nà fún wa. Lójú tiwa, ọfọ̀ àti ètùtù tó wà nídìí oògùn yẹn ni wọ́n ń bá jà. Ewúro kò mọ ọfọ̀. Ẹnu èèyàn lọfọ̀ wà. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà Hesekáyà tán kí Aísáyà tó ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo ẹ̀. Ẹ lọ kà á nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20. Torí náà ẹ gbé ewé yín jáde, ká tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹni tó bá ti sá kòkó rí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Kòkó tí kò gbẹ dénú tẹ́ ẹ dì sápò, ṣé àwọn tó ń yẹ kòkó wò á gbà á? Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé. Èbu míì máa ń pọ májèlé tí sísè kò lè pa, ẹ má sọ pé "iná á pa á."

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ já ewé, tí ìrì bá ti gbẹ lára ẹ̀. Ẹ ṣà á, ẹ yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ gbọn omi ẹ̀ dànù dáadáa. Ẹ dì í ní ìdì kéékèèké, ẹ so ó kọ́ dorí kodò lábẹ́ òrùlé níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ẹní. Ewúro, efinrin, ewé tíì: abẹ́ ìbòòji ni o. Oòrùn gangan máa ń lé òórùn efinrin lọ, òórùn yẹn gan-an lẹ sì ń wá. Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba Nobel ní 2015 lórí oògùn ibà, rí i pé ooru ló ń ba agbára ewé tó ń lò jẹ́. Ìgbà tó dín ooru kù ló tó rí i mú. Egbò, èèpo igi àti ata-ilẹ̀ lè wà nínú oòrùn, kẹ́ ẹ ṣáà gé wọn pẹlẹbẹ. Ẹ má sì sá ohun tẹ́ ẹ máa mu sétí títì.

Ìgbà ọyẹ́ rọrùn. Ìgbà òjò ló ń dán èèyàn wò, ibẹ̀ sì lẹ ti máa lo ìwà òṣómàáló wa: ẹ lóṣòó tì í títí á fi san gbèsè omi tó wà lára ẹ̀. Bí igi ewé bá ṣì ń tẹ̀, Mọ́mì á ní kò tíì gbẹ. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ "pá!", kí ewé sì rún wómúwómú lọ́wọ́.

Àwọn ìyá wa àgbà máa ń kó tiwọn sí àjà lókè ààrò, èéfín á máa lé kòkòrò. Ó dáa, àmọ́ iná igi ń jó nísàlẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà náà. Ní ilé ìdáná onígáàsì tiwa, ooru ọbẹ̀ ló ń gòkè lọ bá ewé, ó tún ń fi omi fún un ni. Ẹ lo ìgò gbígbẹ tó ní ọmọrí, tàbí ìkòkò amọ̀ tó gbẹ, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ń ta sí i. Ẹ jẹ́ kí ewé tutù kẹ́ ẹ tó dé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wo inú ìgò: tó bá ń làágùn, ẹ dà á jáde, ẹ tún un sá. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, torí ewé gbígbẹ jọra wọn jù. Ní tiwa, a kì í jẹ́ kó kọjá ọdún kan.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá jù rèé: ẹni tó bá ń fi ewé pamọ́ fún pásítọ̀ á fi pamọ́ fún dókítà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ní Wesley Guild tàbí ibikíbi, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń mu ewúro, torí ó lè kún agbára oògùn yẹn. Aboyún náà, kó bi wọ́n kó tó mu ohunkóhun. Ọmọ tí ibà ń gbé jó, ẹ sáré gbé e lọ ọsibítù, ẹ gbàdúrà lọ́nà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgò orí pẹpẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìpàdé òṣìṣẹ́, a ó tẹ́ ẹní sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú tiyín wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ti bu, a ó dà á nù, ẹni tó bá kan á gba efinrin tútù lọ́wọ́ Mọ́mì. Ẹ má wulẹ̀ dì í sí ọ̀rá wá o; apẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé.