Tallahassee: Ìlú tí ó borí lẹ́ẹ̀mẹtàlá tí wọn kò sì pè é sí àṣekágbá

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Florida, etí òkun Miami àti àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Orlando ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Tallahassee, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà gan-an, kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Erùpẹ̀ rẹ̀ pupa. Àwọn igi óákù ńláńlá na ẹ̀ka wọn bo ọ̀nà títí tí oòrùn ọ̀sán kò fi lè ráyè wọlé dáadáa, ewéko aláwọ̀ eérú tí ó dà bí irùngbọ̀n àgbàlagbà sì ń rọ̀ dirodiro lára wọn. Láti ibẹ̀ dé ààlà Georgia kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lọ sí Miami yóò wakọ̀ fún nǹkan bí wákàtí méje. Ní ìṣe, ní oúnjẹ àti ní ohùn ẹnu, ìlú Gúúsù àtijọ́ ni.

Ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń bọ́ ìlú náà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni ó ń mú un yọ̀, òun náà ni ó sì ń mú un sunkún. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, agbára ni wọ́n sì fi ń ti ara wọn sẹ́yìn títí ẹgbẹ́ kan yóò fi gbé e dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ ẹgbẹ́ kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni àwọn tí ń gbá a, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ wọn, láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kejìlá. Bí àlejò bá fẹ́ lọ wò ó, kí ó tètè wá ilé ìtura sílẹ̀, nítorí yàrá a máa wọ́n bí ojú ní ọ̀sẹ̀ eré.

Pápá Doak Campbell, ilé Yunifásítì Florida State, dà bí ààfin oníbíríkì pupa láti òde. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́ṣin kan tí ó múra bí Osceola, akọni ẹ̀yà Seminole ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a gun ẹṣin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Renegade wọ inú pápá, a sì gún ọ̀kọ̀ tí iná ń jó lórí rẹ̀ mọ́ àárín gbùngbùn ilẹ̀. Ẹ̀yà Seminole ti Florida fúnra wọn ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì náà máa lo orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá rí gbogbo èyí yóò rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ni Florida State títí di ọdún 1947, ọdún náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí Florida State.

Itẹ́ òkú tí kò sí òkú nínú rẹ̀

Ní ẹ̀gbẹ́ pápá ìgbáradì wọn ni ohun tí ó wù mí jù lọ ní ìlú náà wà: itẹ́ òkú kan tí ó jẹ́ pé koríko ni wọ́n ń sin síbẹ̀. Ní ọdún 1962, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń lọ bá Georgia ní Athens, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Coyle Moore ní kí wọ́n bá òun bu koríko pápá Georgia bọ̀. Wọ́n borí pẹ̀lú 18 sí 0, wọ́n sì bu koríko náà bọ̀ wálé lóòótọ́. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá borí níta nígbà tí gbogbo ayé ti ní wọn ò ní borí, wọn a gé koríko ibẹ̀, wọn a sin ín, wọn a sì kọ ọjọ́ àti iye ayò sí ara àmì kékeré kan lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò lóye ìdí tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí kì í fi í ṣe eré ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù tí ó wà nínú líìgì àgbà NFL ní Tallahassee, kò sì sí ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo ìpínlẹ̀ Alabama. Yunifásítì ni ó ń gbé orúkọ ìlú àti ti ìpínlẹ̀ lọ sí òkèèrè. Ẹni tí kò gba ìwé ẹ̀rí kankan níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ náà kò sì gbà á, yóò máa sọ pé “a borí” tàbí “wọ́n rẹ́ wa jẹ.” Kódà, àwọn ọ̀tá ara wọn a máa di ẹyọ kan nígbà mìíràn: bí ẹgbẹ́ kan láti inú SEC, ẹgbẹ́-ìdíje tí Alabama àti Georgia wà, bá ń na ará òde, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ á máa pariwo lẹ́tà mẹ́ta orúkọ ẹgbẹ́-ìdíje náà bí oríkì ìdílé.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń kàn wá pẹ̀lú. Olusegun Oluwatimi gba ẹ̀bùn Outland ní ọdún 2022 nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Michigan, Olumuyiwa Fashanu sì di ìlú mọ̀ọ́ká ní Penn State kí ó tó bọ́ sí NFL. Ní Athens àti ní Gainesville, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ bí a ti ń kí “ẹ káàárọ̀” ní ọjọ́ Jímọ̀ lè jẹ́ ẹni tí yóò pariwo mọ́ Florida State ní ọjọ́ Sátidé.

Ìborí 13, ènìyàn 13

Ní ọdún 2023, Florida State kò rí ẹni nà án. Wọ́n na LSU 45 sí 24, wọ́n na Clemson ní àfikún àsìkò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, Jordan Travis, kọ́tábáàkì wọn, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù tí ó sì ń darí ìkọlù, fi ẹsẹ̀ pa gidigidi nínú pápá Tallahassee. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà wọ́n na Florida 24 sí 15 ní Gainesville láìsí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọmọ ọdún kìíní tí ó jẹ́ kọ́tábáàkì kẹta ni ó darí wọn na Louisville 16 sí 6 ní Charlotte, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ACC, ẹgbẹ́-ìdíje wọn. Eré 13, ìborí 13.

Ìjókòó mẹ́rin péré ni ó wà nínú ìdíje àṣekágbá nígbà náà, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 tí ń jókòó ní Grapevine ní Texas ni ó sì ń yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, wọ́n ka orúkọ jáde lórí tẹlifíṣàn: Michigan, Washington, Texas, Alabama. Florida State ṣe ìkarùn-ún. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, láti ìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, pé kí wọ́n fi ẹgbẹ́ tí kò pàdánù rárá, tí ó sì gba ife ẹ̀yẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́-ìdíje ńlá márùn-ún, sílẹ̀ lóde.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ ti ìgbìmọ̀ náà. Nínú ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé, ó wà níbẹ̀ pé wọ́n lè wo àìsí agbábọ́ọ̀lù pàtàkì. Láìsí Travis, ìkọlù Florida State ti rọ. Alabama ní tirẹ̀ ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan, fún Texas, nílé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan náà tí Florida State na Louisville, Alabama na Georgia 27 sí 24, Georgia tí ó ti borí nínú eré 29 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìgbìmọ̀ náà ní ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó dára jù lọ ni àwọn ń wá. Alabama kò sì dójú tì wọ́n: àfikún àsìkò ni Michigan, tí ó gba ife náà nígbẹ̀yìn, tó rí i nà.

Ibí yìí gan-an ni ìjà wà. “Ẹni tí ó dára jù” àti “ẹni tí ó tọ́ sí” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èkíní jẹ́ àròsọ nípa ọjọ́ iwájú. Èkejì jẹ́ ìṣirò ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ kò tíì ṣubú. A kì í sọ fún un pé ó jọ ẹni tí yóò ṣubú lọ́la, nítorí náà kí ó jáde lágbo. Travis kọ ọ́ síta ní ọjọ́ náà pé ó wu òun kí ẹsẹ̀ òun ti tètè kán ṣáájú, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé ẹgbẹ́ náà ju kọ́tábáàkì kan lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fara pa fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó ń tọrọ àforíjì fún ọjọ́ tí ó fara pa.

Ìlú gbiná. Gómìnà Ron DeSantis ní kí wọ́n ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ nínú àbá ìṣúná fún ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, yunifásítì náà pe ACC lẹ́jọ́ nítorí ó rò pé ẹgbẹ́-ìdíje náà ń fà á sẹ́yìn. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n tó parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Nígbà tí Florida State fi máa pàdé Georgia ní Miami ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó lé ní ogún ti yẹra. Georgia nà wọ́n 63 sí 3. Àwọn kan ní ẹ̀rí rèé pé ìgbìmọ̀ náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Lójú tèmi, ẹ̀rí ohun tí ìdájọ́ náà bà jẹ́ ni.

Ní òdì kejì ojú irin

Ojú irin kan gba àárín ìlú kọjá. Ní apá kan rẹ̀ ni Florida State wà; ní apá kejì, lórí òkè, ni Yunifásítì Florida A&M wà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FAMU, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1887. Nígbà tí òfin ìyapa kò gba ọmọ dúdú láyè ní Florida State, FAMU ni àwọn ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Bob Hayes, tí ó gba góòlù sáré 100 mítà ní Tokyo ní ọdún 1964, ibẹ̀ ni ó ti wá. Ní ayé ìgbà náà, bí FAMU ti wù kí ó dára tó, kò sí yàrá tí wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ fún ife ẹ̀yẹ gbogbogbòò.

Ní ọdún 1978, nígbà tí wọ́n dá ìpele kejì sílẹ̀ tí wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ mẹ́rin fi pápá yanjú rẹ̀, FAMU ni ó kọ́kọ́ gba ife náà. Ìpele kìíní dúró fún ọdún 36 sí i kí ó tó ṣe irú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2023 tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, FAMU na Prairie View 35 sí 14 ní ilé ara rẹ̀, ó sì gba ife SWAC. Kò sí ẹni tí ó dúró de tẹlifíṣàn. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ẹni tí ó bá gba SWAC yóò pàdé ẹni tí ó bá gba MEAC ní Atlanta. Ní ọjọ́ 16, wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n na Howard 30 sí 26. Ìlú kan náà, oṣù kan náà: apá kan ojú irin ń jó, apá kejì ń pe agbẹjọ́rò.

Ìjókòó méjìlá

Láti ìdíje ọdún 2024, ìjókòó ti di 12, márùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tí ó gba ife ẹgbẹ́-ìdíje wọn. Ó so èso rere: Ohio State, tí kò tilẹ̀ dé àṣekágbá ẹgbẹ́-ìdíje tirẹ̀, ni ó gba gbogbo rẹ̀ nígbà tí ó na Notre Dame 34 sí 23 ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ariwo kò tán. Ní ọdún náà, Alabama tí ó pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta ni ó wà lóde tí ó ń ráhùn, SMU sì wọlé. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n fún ní ìsinmi ìpele kìíní pàdánù eré àkọ́kọ́ wọn, ni wọ́n bá tún yí òfin ìsinmi padà ní ọdún 2025.

Ìjókòó púpọ̀ ń dín ìyà kù, kò pa á run. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lè gba ìpàdánù. Florida State borí lẹ́ẹ̀mejì péré nínú eré 12 ní ọdún 2024, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ohun tí ó ṣòro láti gbà ni pé kí ènìyàn mú ohun tí wọ́n ní kí ó mú wá, kí wọ́n sì wá sọ fún un pé òmíràn ni àwọn ń wò. Bí òfin bá ti sọ ohun tí ìborí yóò rà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ agbègbè kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bí òfin kò bá sọ ọ́, ìpinnu tí ó mọ́ jù lọ pàápàá yóò dà bí ojúsàájú lójú ìlú tí ó pàdánù.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Alabama wá sí Doak Campbell. Florida State nà án 31 sí 17. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún 2023 ti lọ, akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama ìgbà náà sì ti fẹ̀yìn tì. Ìborí ọjọ́ náà kò lè dá ìjókòó 2023 padà fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, pápá ni ó dájọ́, rẹfirí ka ayò, àwọn ará Alabama sì wọ ọkọ̀ lọ sílé láìsí ẹni tí ó ní kí wọ́n pe agbẹjọ́rò.