Awò Tí Mo Fi Wo Àgùàlà

Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́ pé mo fẹ́ fi owó tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún méjì ra awò awọ̀nàjíjìn, wọ́n bi mí pé, "Ṣé òṣùpá tí Ọlọ́run gbé sókè lọ́fẹ̀ẹ́ ni wàá máa sanwó wò?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Tuntun kan ló kọ́kọ́ wù mí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. Olùkọ́ Físíìsì wa ló dá mi dúró. Wọ́n ní bí gíláàsì iwájú ṣe fẹ̀ tó ni kí n béèrè, torí òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ wọlé, àti pé ìlọ́po tó bá ti ju ìlọ́po méjì iye mìlímítà tó fẹ̀ lọ kì í sábà wúlò. Ti inú páálí yẹn ò ju 50 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 100 péré ni, ìyókù jẹ́ ẹnu ọlọ́jà. Tòkunbọ̀ ni mo padà rà, gíláàsì rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 70.

Alẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Òṣùpá àrànmọ́jú ni, ó kàn funfun bí àwo, kò sí òjìji kankan lára rẹ̀. Bí mo bá ti mí, ẹsẹ̀ mẹ́ta awò náà á máa gbọ̀n. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ nǹkan kan. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Lọ́jọ́ kejì mo so àpò iyanrìn mọ́ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo fi òpó tẹlifóònù tó wà lókèèrè tún awò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe, kí òun àti ńlá lè máa wo ibì kan náà. (Mo jìnnà sí oòrùn o! Ẹni tó bá fi awò wò ó lè fọ́ lójú.)

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, òṣùpá ṣì tín-ín-rín, Àgùàlà sì wà nítòsí rẹ̀. Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo dúpẹ́ fún un. Mo kọ́kọ́ fi àwọn kòtò ara òṣùpá han Ìyá Àgbà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé òkùnkùn. Wọ́n ní, "Bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà!"

Mo wá yí awò sí Àgùàlà, èyí tí wọ́n máa ń pè ní ajá òṣùpá fún wa láti kékeré.

"Òṣùpá kékeré mìíràn tún nìyí."

"Àgùàlà ni, Ìyá Àgbà. Oòrùn ló ń tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi ti òṣùpá."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n fi ojú lásán wò ó, ìràwọ̀ ni. Wọ́n tún tẹ̀ ba awò.

"Ó ń sá lọ o!"

"Ayé ló ń yí, mà." Mo rọra ti awò náà tẹ̀ lé e.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ajá wo ló rí báyìí?" Wọn ò gbójú kúrò. "Lọ bá mi gbé àga wá."