Onome Ebi: Ogún ọdún lẹ́yìn!

Ẹni tó gbá gólì wọlé ni wọ́n máa ń pariwo orúkọ ẹ̀. Tẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, ó dìgbà tó bá ṣàṣìṣe. Ẹ̀yìn náà ni Onome Ebi, tí wọ́n bí l'Ékòó, dúró sí o. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó bá Super Falcons lọ sí Ife Àgbáyé l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2003.

Sweden, Turkey, Belarus, China, gbogbo ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Àbí kí ló fẹ́ ṣe? Lọ́dún 2016, Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon, owó wọn ò jáde! Wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì l'Abuja, wọ́n tún wọ́de.

Ebi ò torí ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2023, ó bá wọn dé Australia, Ife Àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Ó ti pé ogójì ọdún. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀ tó dàgbà tó o.