Níbo Ni Owó Wa Yóò Máa Sùn?

Bí wọ́n bá gbé ìránṣẹ́ Ọlọ́run láti ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn, àwọn ará ìjọ a máa bá a wá ilé, wọn a bá a wá ilé-ìwé fún àwọn ọmọ, àwọn ìyá ìjọ a sì mú ìyàwó rẹ̀ mọ ọjà. Ohun kan wà tí wọn kì í sábà bá a sọ, tí òun náà kì í sì í béèrè, nítorí ojú a máa ti ènìyàn láti dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ní ìlú àjèjì: níbo ni owó yóò máa sùn? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe pásítọ̀ nìkan ló ń ṣí kiri. Tíṣà ń ṣí, nọ́ọ̀sì ń ṣí, ọlọ́pàá àti oníṣòwò ń ṣí.

Ní ọdún 2024 ni wọ́n gbé èmi àti ìdílé mi kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ẹlẹ́gbẹ́ka, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n yóò ti kọjá níbẹ̀. Ìlú àgbẹ̀ ni: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó àti gbágùúdá, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ẹ̀gẹ́. Ní Ìbàdàn, báńkì tí mo ń lò kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wa. Níbi tí a dé yìí, Ọ̀wọ̀ ni àwọn ará ìjọ wa tó ní àkáǹtì ń lọ.

Ọmọ wa àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ pé mo ń ronú. Ó ní, "Dádì, ṣebí inú fóònù ni báńkì wà báyìí?" Òótọ́ ló sọ dé ìwọ̀n kan. Àkáǹtì mi ti Ìbàdàn ń ṣiṣẹ́ ní Ẹlẹ́gbẹ́ka gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣiṣẹ́ ní Mókọ́lá, n kò sì rí ìdí tí mo fi yẹ kí n pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù kì í gba owó bébà. Owó ẹ̀gẹ́, owó iṣu, ọrẹ ọjọ́ Ìsinmi, ìdámẹ́wàá, owó ìkọ́lé, owó bébà ni púpọ̀ nínú wọn, ó sì di dandan kí ẹnì kan gbé e láti Ẹlẹ́gbẹ́ka dé ibi tí wọn yóò ti gbà á.

Ọ̀nà náà sì nìyí, ẹ jọ̀wọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù November 2020, Ọba Israel Adeusi, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ nígbà tí àwọn agbébọn pa wọ́n ní agbègbè Ẹlẹ́gbẹ́ka yìí gan-an. Bí ọ̀nà kò bá mọ ọba, ṣé ìyá akápò wa tó so owó ìjọ mọ́ abẹ́ ìró, tó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ni yóò mọ̀? Nígbà tí mo gbọ́ pé bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, n kò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Àwọn kan ní, "Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí owó máa wà nílé." Ẹ̀yin náà rántí October 2022, nígbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, kéde pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n kọ́kọ́ ní títí di ọjọ́ 31 January 2023, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 February, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 March pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn, mo rí ìyá kan ní ìjọ wa ní Ìbàdàn tó tú owó ọdún mẹ́fà jáde láti inú àpótí, tó sì ń sunkún. Owó wà, oúnjẹ kò ṣeé rà. Ká má tíì sọ̀rọ̀ olè, iná àti ikán.

Àwọn tó ń ṣe POS lójú títì ń ràn wá lọ́wọ́, Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ wọn. Mo ń gba owó ọjà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n aṣojú ni wọ́n, wọn kì í ṣe báńkì, láti December 2024 sì ni CBN ti ní kí ẹnì kan má ṣe gbà ju ₦100,000 lọ lọ́dọ̀ wọn lójúmọ́. Kì í ṣe ibi tí a ń kó owó ìkọ́lé lọ nìyẹn.

Ìdí tí n kò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ni ohun tó bá bàbá mi. Olóko kòkó ni wọ́n. Báńkì kan tí n kò ní dárúkọ ní ẹ̀ka ní ìlú wa, ó súnmọ́ ilé bí ẹní na ọwọ́ kàn án. Máníjà ibẹ̀ a máa wá kí bàbá mi ní Kérésìmesì, a sì mú kàlẹ́ńdà ńlá dání. Ní January 1998, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan náà, ti bàbá mi sì wà nínú wọn. Àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó tí ènìyàn fi pamọ́ sí báńkì, kì í san ju ₦50,000 lọ fún ẹnì kan nígbà náà. Owó bàbá mi tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa retí ìyókù títí dìgbà tí a bá ta dúkìá báńkì náà. Wọ́n retí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, owó ọjà sì ti sá fún un kó tó dé. Bàbá mi kò tún fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà báńkì mọ́ títí wọ́n fi lọ sinmi.

Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá sọ fún mi pé báńkì kan súnmọ́, mo máa ń béèrè pé: bó bá wó, ta ni yóò dá wa lóhùn? Sísúnmọ́ dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kó ṣáájú.

Ìdáhùn náà yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Ẹ wo Báńkì Alájẹṣẹ́kù, Co-operative Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953. Nígbà tí àwọn báńkì ń para pọ̀, ó wọ inú Skye Bank ní 2006. Ní September 2018, CBN gba ìwé àṣẹ Skye Bank, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé Polaris Bank lọ́wọ́. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mejì, owó àwọn oníbàárà kò sọnù. Ti Heritage Bank yàtọ̀: ní ọjọ́ 3 June 2024 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbà á ṣe. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ni NDIC ti gbé iye tí wọ́n ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá láti ₦500,000 dé ₦5,000,000. Nípa BVN ni wọ́n fi wá àkáǹtì mìíràn tí àwọn ènìyàn ní, wọ́n sì san owó sínú rẹ̀. Ẹni tó ní àkáǹtì ní ibì kan ṣoṣo ló ní láti máa kọ fọ́ọ̀mù. Ìdí kejì nìyẹn tí n kò fi pa àkáǹtì mi ti Ìbàdàn rẹ́.

Àwọn báńkì kéékèèké tí a ń pè ní microfinance náà wà lábẹ́ NDIC, ṣùgbọ́n ₦2,000,000 ni tiwọn. Wọ́n súnmọ́ mẹ̀kúnnù, wọ́n sì ń yá àgbẹ̀ lówó, èyí tí báńkì ńlá kì í fẹ́ gbọ́. Síbẹ̀, ní September 2010 nìkan, CBN gba ìwé àṣẹ 224 nínú wọn, kó tó dá ti àwọn kan padà. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kó wo ara ògiri bóyá àmì NDIC wà níbẹ̀, kó sì béèrè ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá bínú nítorí pé o béèrè ìwé àṣẹ ti dá ọ lóhùn náà nìyẹn.

Mo lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Tuesday kan, mo wọ báńkì mẹ́ta. N kò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo jókòó, mo ń wò. Ní ti àkọ́kọ́, ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀wé dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ títí ẹsẹ̀ fi ń gbọ̀n wọ́n, àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń wo fóònù. Mo dìde, mo jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ìjọ mi, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ ìwé. Ní ti kejì, ohun gbogbo dára, àfi pé kò sí ẹni tó lè sọ fún mi iye tí wọn yóò máa yọ lóṣù lórí àkáǹtì ìjọ. Ní ti kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi Ọ̀wọ̀ kí bàbá àgbẹ̀ kan, ó kà á fún wọn ní ohùn rara iye tí wọ́n mú wá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ àtàǹpàkò. Ibẹ̀ ni mo ti béèrè máníjà.

Ti owó ìkọ́lé wá kù. Bàbá Díákónì wa, ẹni ọ̀wọ̀ tó ti ń sin Ọlọ́run kí n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, ní, "Pásítọ̀ wa, ẹ jẹ́ kó máa wọ àkáǹtì yín. Ó yá, kò ní wàhálà, a sì gbẹ́kẹ̀ lé yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Bàbá, bí Olúwa bá pè mí lálẹ́ òní ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Mo ní, "Àmín. Ṣùgbọ́n lójú òfin, owó tó wà ní orúkọ mi di ogún àwọn ọmọ mi. Ilé ẹjọ́ ni ìjọ yóò ti máa tọrọ owó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ọ̀rọ̀ náà ní láárí. Mo rán wọn létí bí Pọ́ọ̀lù ti ṣe nígbà tí wọ́n ń kó ọrẹ lọ sí Jerúsálẹ́mù: kò dá gbé e, ó jẹ́ kí àwọn ìjọ yan àwọn tí yóò bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. A ṣí àkáǹtì ní orúkọ ìjọ, pẹ̀lú lẹ́tà láti olú ìjọ wa. Ẹni mẹ́ta ló ń buwọ́ lùwé, méjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kí owó tó jáde. Ìyá akápò kì í dá lọ mọ́, a kì í sì í lọ ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀.

Ó ku ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo fẹ́ràn wọn. Láti ìgbà òfin 1935 ni irú ẹgbẹ́ yìí ti ń gbé olóko kòkó ró ní ilẹ̀ Yorùbá, púpọ̀ nínú wọn sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́, láìbéèrè ìwé ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní credit union ní ìdáàbòbò títí dé $250,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tiwa kò sí lábẹ́ NDIC. Àwọn tó ń darí rẹ̀ àti ìwé owó rẹ̀ nìkan ni ààbò tó wà níbẹ̀. Owó ìjọ kò lè sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú owó ilé wa lè sùn síbẹ̀, nítorí ìyàwó mi fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọ̀-ẹ̀gẹ́.

Mo bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí àwọn ará ìjọ wa wà nínú rẹ̀ pé kó jẹ́ kí n rí ìwé àyẹ̀wò owó wọn ti ọdún mẹ́ta. Kò bínú. Ó mú ti ọdún méjì wá, ìwé tó mọ́, tí ọ̀gá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ náà ti buwọ́ lù. Ó ní ti ọdún kẹta ṣì wà ní Àkúrẹ́. Ìyàwó mi ti gba fọ́ọ̀mù. Ó wà lórí tábìlì wa, a kò tíì kọ nǹkan kan sí i.